Staccato àti ìtẹnumọ́: ṣé kíkúrú ni wọ́n ń wí ni, àbí líle?

OniKilarineeti

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olórin. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹ bá mi tú u. Kílárínẹ́ẹ̀tì ni mò ń fun nínú ẹgbẹ́ olórin wa. Nínú orin tí à ń múra sílẹ̀ fún, ìlà kan wà tí àmì tótó wà lórí gbogbo nóòtì rẹ̀, "p" sì wà nísàlẹ̀, ìyẹn ni pé ká fun ún jẹ́jẹ́. Ìgbàkígbà tí a bá dé ibẹ̀ ni adarí wa máa ń dá wa dúró. Ó ní òun ò bèèrè ìtẹnumọ́, staccato lòun ń fẹ́. Mo sì ń gé e kúrú o! Ó ní òótọ́ ni, ó kúrú, àmọ́ ó ń le létí. Ti orí ìwé yé mi: tótó ni staccato, > ni ìtẹnumọ́. Ahọ́n mi gan-an ni kò mọ ìyàtọ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Idaji-Idaji

Kò le rárá. Staccato = ìdajì nóòtì. Bí crotchet bá jẹ́ bíìtì kan, fun ìdajì bíìtì, dákẹ́ fún ìdajì tó kù. Ó parí.

BabaDuuru

Àbúrò, adarí yín kò ṣìnà. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń kọ́ wa ní gbogbo àmì wọ̀nyí, a wá ń rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, pé ọ̀kan kàn pọ̀ ju èkejì lọ ni. Rárá o. Nóòtì kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ibi tó parí sí. Ibi tó parí sí ni àmì tótó ń bá wí: kí ohùn dákẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Kò ní kó le, kò sì ní kó rọ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni àmì > ń bá wí: kó wọlé pẹ̀lú agbára ju àwọn tó yí i ká lọ. Kò ní kó kúrú. Nóòtì lè kúrú kó sì rọ̀ wọ̀ọ̀, ó sì lè gùn gbọọrọ kí orí rẹ̀ le koko.

Èmi ò tilẹ̀ lè gbàgbé ìyẹn, nítorí ọ́gáànì ni mò ń tẹ̀. Lórí ọ́gáànì onípáìpù, bóo fi gbogbo ara rẹ lé kíì, bóo sì fi ìka kan rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ròkè tó. Atẹ́gùn tó ń wọ páìpù ló ń dún, agbára ìka rẹ kọ́. Nítorí náà, ìtẹnumọ́ tí a ń fi agbára ṣe kò sí lọ́wọ́ mi. Ọgbọ́n tí a ń dá ni pé a máa ń gé nóòtì tó ṣáájú kúrú díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ bíńtín tó wà níwájú nóòtì tí a fẹ́ kó yọ ló ń mú kí etí gbọ́ ọ bí èyí tó le. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ó dúró lórí nóòtì náà pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń tẹ harpsichord (dùùrù àtijọ́ tó ń ta okùn) náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

OniKilarineeti

Ẹ ṣeun, bàbá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín àwọn nóòtì mi ló ń sọ wọ́n di ìtẹnumọ́ ni?

BabaDuuru

Ó lè lọ́wọ́ sí i. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá pọ̀ jù, nóòtì kọ̀ọ̀kan á máa dún bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ ni mo fura sí jù. Kí àwọn tó ń fi ẹnu fun nǹkan dá a lóhùn.

TisaFere

Mo ti wà níbí, bàbá.

OniKilarineeti, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ò ń fi ahọ́n gbá réèdì, pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu kílárínẹ́ẹ̀tì, ni. Gbólóhùn kan wà tí àwa tí a ń kọ́ni máa ń sọ tó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú: "fi ahọ́n lu nóòtì." Ahọ́n kì í lu nǹkan kan. Tí ahọ́n bá wà lára réèdì, réèdì ò lè gbọ̀n, ohùn ò sì lè jáde. Ìgbà tí ahọ́n bá KÚRÒ ni ohùn ń bẹ̀rẹ̀, torí atẹ́gùn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dúró dè é. Bí a bá sì fẹ́ kó dákẹ́, ahọ́n náà ló ń padà lọ gbé ara lé e. Atẹ́gùn kì í dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìlà náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á dá atẹ́gùn dúró lẹ́yìn nóòtì kan, wọ́n á tún wá fi ikùn tì í jáde fún èyí tó kàn. Títì yẹn ni adarí rẹ ń gbọ́. Nóòtì kúrú lóòótọ́, àmọ́ "hà! hà! hà!" ló ń ṣe.

Gbìyànjú èyí. Gbé metronome, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, sí 60, ìyẹn ọgọ́ta bíìtì ní ìṣẹ́jú kan. Fun G ìsísílẹ̀, èyí tí ìka kankan kì í bo ihò fún, fún bíìtì mẹ́rin, kí ohùn tẹ́jú kalẹ̀. Fun ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n lórí bíìtì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí ṣóńṣó ahọ́n kan ẹnu réèdì fẹ́ẹ́ kó sì kúrò lójú ẹsẹ̀, bí ẹni ń pe "du-du-du-du". Kò gbọdọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ kankan o. Ohùn gígùn kan ṣoṣo tí ahọ́n kàn ń là kọjá ni. Bí ìyẹn bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o tó wá jẹ́ kí ahọ́n pẹ́ lára réèdì fún ìdajì bíìtì, kí èémí sì ṣì máa tì í lẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wàá rí i pé staccato ti dé fúnra rẹ̀, kò sì ní le.

Gbé díńgí síwájú rẹ bí o ti ń ṣe é. Bí àgbọ̀n rẹ bá ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń jẹun, ahọ́n nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ ń fún réèdì pa ni. Ìyẹn náà ń mú kí ohùn le, ó sì ń gbé e kúrò lórí ìró tó yẹ kó wà.

IdeNDun

Tùm̀pẹ́ẹ̀tì ni tèmi, kò sí réèdì lẹ́nu wa, ètè ló ń gbọ̀n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn, bákan náà ni. "Tu" fún èyí tó mọ́ kedere, "du" fún èyí tó rọ̀. Bó bá yá jù fún ahọ́n kan, a ó lo "tu-ku tu-ku", kí ẹ̀yìn ahọ́n bá iwájú rẹ̀ pín iṣẹ́ náà. Fún èyí tó pín sí mẹ́ta, "tu-tu-ku" ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun: Quantz tó jẹ́ olùkọ́ fèrè ti kọ irú sílébù báyìí sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1752, ó yàn án ní "ti" àti "di", ó sì ní èyí tó ń yára.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí èèyàn má ṣe fi ahọ́n pa òpin nóòtì lórí idẹ, bí "tut". Nínú orin jáàsì a máa ń ṣe é, a sì ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nínú orin kíláásíkà, jẹ́ kí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ pa á. TisaFere ò ní gbà fún mi lórí réèdì, mo mọ̀.

TisaFere

Mi ò gbà lóòótọ́ 😄 Lórí réèdì, ahọ́n ló ń pa á, pàápàá bó bá ń yára. Bó bá jẹ́ nóòtì tó kẹ́yìn ìlà, ìyẹn yàtọ̀, èémí ló máa parí ìyẹn.

Idaji-Idaji

Gbogbo eléyìí dára, àmọ́ ẹ ṣì ń sá fún ìbéèrè mi. Ìdajì ni àbí ìdajì kọ́? Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ orin, tí mo bá fi tótó sí nóòtì, ìdajì ló ń gé e sí.

EroOrin

Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n wí nǹkan kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun méjì tí bàbá sọ yẹn yàtọ̀ síra pátápátá. Nínú MIDI, èdè tí kọ̀ǹpútà àti irinṣẹ́ orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, nóòtì ní àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní àṣẹ tó parí rẹ̀, ó sì ní velocity tó ń lọ dé 127 tó ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lágbára tó. Staccato, àṣẹ ìparí ni kọ̀ǹpútà ń mú kó tètè dé. Ìtẹnumọ́, velocity ló ń gbé sókè. Kò sí ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ṣùgbọ́n ìdajì yẹn, ẹni tó kọ ètò náà ló fi síbẹ̀ torí pé ó gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kan síbẹ̀. Kì í ṣe òfin orin. Ẹ wo ìṣirò yìí: bí crotchet bá ń lọ ní 60, ìṣẹ́jú àáyá kan ni nóòtì, gé e sí ìdajì, ó ṣì gùn tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Etí ò ní pe ìyẹn ní staccato, á kàn gbọ́ nóòtì kan àti ìsinmi kan. Tó bá wá di semiquaver, tí mẹ́rin rẹ̀ ń wọ inú crotchet kan, ní 144, nóòtì kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìdajì ìyẹn jẹ́ 0.05. Nínú gbọ̀ngàn tó ń dún padà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tí a kò gé.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba ohùn irinṣẹ́ sílẹ̀ fi ń gba staccato lọ́tọ̀, tí wọn kì í kàn gé nóòtì gígùn sí méjì. Nóòtì gígùn tí a fi ọ̀bẹ gé máa ń dún bí ohun tí wọ́n gé. Nóòtì tí olórin fúnra rẹ̀ fun kúrú ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ò ní pẹ́.

BabaDuuru

O káre, EroOrin.

Idaji-Idaji, ìdajì tí o dì mú yẹn ní baba ńlá, má jẹ́ kí n fi í pa mọ́ fún ọ. C. P. E. Bach kọ ọ́ ní 1753 nínú ìwé tó fi kọ́ni ní dùùrù pé nóòtì staccato, a máa ń dì í mú fún ohun tó DÍN díẹ̀ sí ìdajì. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tún sọ: nóòtì tí kò ní àmì kankan lórí, tí kì í ṣe staccato, tí kì í ṣe legato (ìyẹn kí ohùn so pọ̀ láìjá), tí wọn ò sì ní ká dì í mú títí, ìdajì ni kí á dì í mú! Ìyẹn ni pé ìdajì tí ìwọ ń pè ní staccato lónìí, lójú tirẹ̀, títẹ̀ lásán ni. Nígbà tó di 1789, Türk, tí òun náà kọ ìwé ẹ̀kọ́ dùùrù, fèsì pé òun ò fara mọ́ ọn, nítorí bí títẹ̀ lásán bá ti jẹ́ ìdajì, kí ló kù fún staccato? Òun ní kí ìka kàn gbéra díẹ̀ kí àkókò tó pé. Ní 1801, Clementi, olórin píánò, ti wá ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé níbi tí òǹkọ̀wé orin bá fi sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fara mọ́ legato jù lọ.

Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún péré nìyẹn o. Nítorí náà, kí o tó gé nóòtì, bi ara rẹ léèrè pé báwo ni àwọn nóòtì tí kò lámì nínú orin yẹn ṣe gùn tó. Inú ìyẹn ni wàá ti mọ bí staccato rẹ á ṣe kúrú tó.

Idaji-Idaji

Hmm. Mo gbọ́. Àmì tó dà bí ẹ̀kán omi ńkọ́, èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó? Àwọn kan ní ìdá mẹ́rin ni.

BabaDuuru

Staccatissimo. Nínú ìwé orin ti òde òní, òun ló kúrú jù, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi kọ́ni. Nínú ìwé àtijọ́, ṣọ́ra. Nínú orin Mozart, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá ìyàtọ̀ tilẹ̀ wà láàárín tótó àti ìlà kékeré tó fi ń kọ ọ́. Beethoven ní tirẹ̀ kò gbà kí wọ́n da méjèèjì pọ̀: ní 1825 ó kọ lẹ́tà sí Karl Holz, olórin fáyólìn, lórí kúátẹ́ẹ̀tì (orin olókùn mẹ́rin) rẹ̀ ní A minor, ó ń kìlọ̀ pé ibi tí tótó bá wà, kí wọ́n má ṣe fi ìlà sí i, ibi tí ìlà bá sì wà, kí wọ́n má ṣe fi tótó rọ́pò rẹ̀.

OkunMerin

Ẹ jẹ́ kí àwa olókùn náà sọ tiwa, torí ọ̀dọ̀ wa ni tótó kan ṣoṣo ti lè túmọ̀ sí ohun mẹ́rin.

Lórí fáyólìn, ọ̀pá onírun tí a fi ń fa okùn ló dà bí èémí tiyín. Tí mo bá rí tótó, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu: ṣé ọ̀pá máa wà lórí okùn ni, àbí yóò máa fò? Bó bá wà lórí okùn tí mo sì fẹ́ kó le, martelé nìyẹn. Kí ọ̀pá tó gbéra rárá, ìka ìlábẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn títí okùn á fi dà bí ohun tí wọ́n fi eyín dì mú. Lẹ́yìn náà mo tú u sílẹ̀ lójijì, ọ̀pá á sá lọ, á dúró, mo tún tẹ̀ ẹ́. "K" kan máa ń wà níwájú nóòtì kọ̀ọ̀kan. Bí "k" yẹn kò bá sí, a ò tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bó bá pọ̀ jù tó ń ha, a kò tètè tú u sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ fífò, spiccato ni: ọ̀pá á máa já bọ́ lórí okùn, á sì máa gbéra. Ibi tí ọ̀pá ti wúwo bákan náà níwájú àti lẹ́yìn, tàbí ìtòsí ibẹ̀, la ti ń ṣe é. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé èèyàn á máa gbé ọ̀pá lọ sókè sódò bí ẹni ń gún nǹkan. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kó pọ̀, fífò yẹn ò tó nǹkan, ọwọ́ á kàn ya ìlà tó tẹ̀ bí ìsàlẹ̀ igbá. Bó bá wá yára débi tí ọwọ́ ò lè darí fífò kọ̀ọ̀kan mọ́, a óò bọ́ sí àárín ọ̀pá, a óò sì jẹ́ kí igi rẹ̀ máa ta fúnra rẹ̀. Sautillé nìyẹn, kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó gan.

Ọ̀pá tí à ń lò báyìí ló tilẹ̀ jẹ́ kí púpọ̀ nínú èyí rọrùn. Tourte ní Paris, ní ìparí ọ̀rúndún 18, ló sọ ọ́ di èyí tí igi rẹ̀ tẹ̀ wọnú síhà irun. Ti àtijọ́ tẹ̀ síta ni, ohùn sì máa ń dínkù fúnra rẹ̀ ní òpin ìfà kọ̀ọ̀kan. Olórin ìgbà náà kò nílò tótó kí nóòtì rẹ̀ tó ní àlàfo láàárín.

Ẹ tún kíyè sí i pé détaché kò ní ìdákẹ́jẹ́ kankan nínú. Ìfà kan fún nóòtì kan ni, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, kí ohùn má já. Mo ti rí ẹni tó ń gé e kúrú nítorí orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí "èyí tí a yà sọ́tọ̀".

IdeNDun

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dá ìjà sílẹ̀ díẹ̀. Àmì ^ yìí, èyí tó dà bí òrùlé ilé. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì ńlá, kò sí àríyànjiyàn: ó le, ó SÌ kúrú. "Dat!" Àmì > ní tirẹ̀ le, àmọ́ ó gùn dé òpin: "dàà". Bí ẹ bá fun ^ gígùn ní ìlà tùm̀pẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹgbẹ́ á yí ojú wò yín.

OkunMerin

Nínú ẹgbẹ́ olókùn ńlá, èmi ò gbà pé ^ túmọ̀ sí kúrú. Marcato ni, ó lágbára ju > lọ, mo sì máa ń rí i lórí nóòtì tó gùn bíìtì méjì tí a gbọ́dọ̀ dì mú títí. Bí òǹkọ̀wé orin bá fẹ́ kó kúrú, á fi tótó kún un.

IdeNDun

Nínú jáàsì, kò sẹ́ni tó ń dúró de tótó.

BabaDuuru

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ òótọ́ nípa ìwé tó wà níwájú yín. Ẹ wo irú orin tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó wo àmì, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì fún àbúrò wa ni pé ìtẹnumọ́ kì í ṣe "forte", ìyẹn kí ohùn ròkè. Bí ìlà bá jẹ́ "p" tí > kan wà nínú rẹ̀, nóòtì yẹn á kàn yọ orí díẹ̀ láàárín àwọn tó rọ̀ ni. Ẹni tó bá fi agbára forte lù ú ti ba gbogbo ìlà náà jẹ́. Bó bá jẹ́ "fp" ni wọ́n kọ, ìyẹn ọ̀tọ̀: wọlé pẹ̀lú agbára, kí o sì já sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tisa_Akorin

Ẹ má gbàgbé àwa tí ara wa gan-an jẹ́ irinṣẹ́. Bí mo bá sọ fún ẹgbẹ́ akọrin mi pé "staccato", ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n fi ọ̀nà ọ̀fun gbá fáwẹ̀lì, "ʼa! ʼa! ʼa!", títí ohùn wọn á fi há. Ìtẹnumọ́ nìyẹn, ìtẹnumọ́ tó sì ń pa ọ̀fun lára ni. Mo máa ń ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ láìlo ohùn, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn kí wọ́n mọ bó ṣe ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Fífò kékeré yẹn ló ń gbé nóòtì kọ̀ọ̀kan jáde, ọ̀fun ò gbọdọ̀ bá a dá sí i. Lẹ́yìn náà a fi fáwẹ̀lì sí i.

Ìṣòro kejì ni pé wọ́n máa ń sáré. Gbàrà tí nóòtì bá ti kúrú, èèyàn á fẹ́ fò kọjá ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e bí ẹni pé kò sí nínú orin. Mo máa ń ní kí ìdajì nínú wọn kọ nóòtì, kí ìdajì kejì pàtẹ́wọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ẹni tó ti pàtẹ́wọ́ síbẹ̀ rí kì í tún fò ó mọ́.

OniKilarineeti

Háà, sísáré yẹn! Adarí wa máa ń sọ ìyẹn náà.

Mo ti gbìyànjú ti díńgí. Àgbọ̀n mi ń jẹun lóòótọ́, TisaFere 😂 Mo padà sórí "du-du-du" tí kò ní ìdákẹ́jẹ́. Mo rí i pé bí èémí bá ti ń lọ láì dúró, ahọ́n ò ní agbára tó máa fi gbá nǹkan mọ́. Àmọ́ inú yàrá mi ni mo ti ń ṣe é, inú gbọ̀ngàn tó ga la ti máa ṣeré. Ṣé bákan náà ló máa rí?

EroOrin

Kò ní rí bákan náà. Yàrá tó kún fún bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ máa ń gbé ohùn mì, nóòtì rẹ á dún kúrú ju bí o ṣe fun ún lọ. Gbọ̀ngàn olókùúta lè fa ohùn kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó kú tán. Bí crotchet bá ń lọ ní 120, nóòtì mẹ́rin ti wọlé kí ti àkọ́kọ́ tó dákẹ́ lára ògiri. Níbẹ̀, gé e kúrú ju ti ilé lọ, kí ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì sì mọ́ kedere, torí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni etí á dì mú. Etí fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì gan-an: gé e kúrò lára ohùn tí a gbà sílẹ̀, wàá rí i pé irinṣẹ́ tí à ń lò gan-an á ṣòro láti dá mọ̀.

Gbé fóònù sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nígbà ìdánrawò, kí o gbà á sílẹ̀. Ibi tí o jókòó sí kọ́ ni àwọn èrò máa wà.

TisaFere

Mọ́, ṣùgbọ́n má le o. Kí ó má baà padà síbi tó ti kúrò.

Bó bá sì ti wá kan ìlà tó ní > lóòótọ́, ahọ́n kan náà ni kí o lò, bó ṣe fúyẹ́ náà ni. Èémí ni kí o yára sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì, kó sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ahọ́n ṣe ìtẹnumọ́ á gbọ́ "tá" réèdì ṣáájú ohùn.

Idaji-Idaji

Ìbéèrè kan péré ló kù, mi ò ní da yín láàmú mọ́. Tótó tó wà lábẹ́ slur ńkọ́? Ìlà títẹ̀ yẹn ní ká so wọ́n pọ̀, tótó ní ká já wọn. Èwo ni kí èèyàn gbọ́ràn sí lẹ́nu?

OkunMerin

Méjèèjì. Lórí fáyólìn, slur sọ fún mi pé kí n má ṣe yí ọ̀pá padà, ìhà kan náà ni gbogbo nóòtì ọ̀hún máa wà. Tótó ní kí n máa tú ọwọ́ díẹ̀ láàárín wọn. Bó bá lọ́ra tó sì rọ̀, portato nìyẹn, ohùn á máa mí sókè sódò láìjá pátápátá. Bó bá yára tí ìlà náà sì ń gòkè, ó lè jẹ́ staccato inú ìfà kan ṣoṣo, tí nóòtì mẹ́wàá ń já lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá tí à ń tì lọ sókè. Ìyẹn le púpọ̀, mi ò fẹ́ràn kí wọ́n bi mí léèrè lórí rẹ̀.

TisaFere

Fún wa, "du" tó fúyẹ́ jù lọ, kí ìdákẹ́jẹ́ má fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Idaji-Idaji

Lórí píánò ńkọ́, bàbá?

BabaDuuru

Gbé ọwọ́ kúrò díẹ̀ lẹ́yìn nóòtì kọ̀ọ̀kan, kí o sì tẹ èyí tó kàn pẹ̀lú ìwọ̀n apá, má fi ìka ta á. Inú píánò, fẹ́lìtì kan wà tó ń já bọ́ sórí okùn nígbà tí kíì bá gbéra, òun ló ń pa ohùn. Jẹ́ kó rọra dé orí okùn. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà lórí pẹ́dà ọ̀tún, fẹ́lìtì ò lè já bọ́, gbogbo tótó orí ìwé kò sì ní gé ohùn kankan. Ìyàtọ̀ tó kù kò ju bí o ṣe fọwọ́ kan kíì lọ. Nóòtì tó ga jù lọ lápá ọ̀tún kò tilẹ̀ ní fẹ́lìtì yẹn. Bí wọ́n bá kọ staccato síbẹ̀, fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́, okùn kúkúrú yẹn á pa ara rẹ̀.